Ta Ni Oscar Òṣèrébìnrin Máa Já Mọ́ Lọ́wọ́? Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀

Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ Oscar lẹ́sẹ̀ ti gbà pé Demi Moore ni wọ́n máa pè fún àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dára jù lọ. Ó ti gba Golden Globe, ó ti gba Critics Choice, ó sì ti gba ti ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SAG nígbà náà, gbogbo rẹ̀ lórí fíìmù The Substance. Wọ́n ṣí àpòòwé, orúkọ Mikey Madison ló jáde, ọmọ ọdún 25 tó ṣe Anora. Ẹnu ya èèyàn. Síbẹ̀, àmì ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó wò, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi hàn yín.

Ìbéèrè méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀

Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí Oscar kì í níyanjú nítorí pé ohun tí kálukú ń sọ yàtọ̀. Ẹnìkan ní, “Moore ló tọ́ sí.” Èkejì fèsì pé, “Madison ni wọ́n máa fún.” Iṣẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ ń sọ: ohùn, ojú, ìrìn, bí òṣèré ṣe wọ inú ẹ̀dá tó ń ṣe. Ìbò ni ẹni kejì ń sọ: ta ló ń dì í, ìgbà wo ni wọ́n dì í, fíìmù wo ló ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ṣírò ìbò yóò ṣì í. Ẹni tó bá sì fi ìbò díwọ̀n iṣẹ́ yóò fojú kéré ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ga. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé èwo nínú méjèèjì lẹ ń jiyàn lé lórí.

Ta ló ń dìbò?

Nǹkan bí 10,000 èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nínú Academy, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní Oscar. Àwọn òṣèré ló pọ̀ jù, àmọ́ olùdarí wà níbẹ̀, òǹkọ̀wé wà níbẹ̀, ayàwòrán, aránṣọ àti àwọn tó ń to ohùn fíìmù wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìpele méjì ni ìbò náà. Ní ìpele àkọ́kọ́, àwọn òṣèré nìkan ló ń yan olùdíje márùn-ún. Wọ́n ń to orúkọ tẹ̀ léra wọn, láti orí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù. Nítorí náà, òṣèré tí àwọn díẹ̀ fẹ́ràn dọ́kàn, tí wọ́n fi sí ipò kìíní, lè wọlé ju ẹni tí gbogbo èèyàn kàn fi sí ipò karùn-ún lọ. Ẹ wo Fernanda Torres, ọmọ Brazil, nínú I'm Still Here. SAG kò yàn án, BAFTA ti Ìlú Ọba kò yàn án, Critics Choice náà kò yàn án. Síbẹ̀ ó wà lára àwọn márùn-ún ti Oscar ní 2025.

Ní ìpele kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti ẹ̀ka gbogbo ló ń dìbò, orúkọ kan péré ni kálukú sì ń mú. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló gbà á, ì báà má tó ìdajì. Bí márùn-ún bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ìbò náà ní ọgbọọgba, ìbò 21 nínú 100 lè tó láti borí. Academy kì í sì í kéde iye ìbò, torí náà a kì í mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe ipò kejì jìnnà sí ẹni tó borí tàbí ó kù díẹ̀ kó bá a. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn méjì tíì jọ gba ti òṣèrébìnrin yìí: ní 1969, nígbà tí ìbò Katharine Hepburn àti ti Barbra Streisand dọ́gba.

Àwọn àmì-ẹ̀yẹ tó ń ṣíwájú

Kí Oscar tó dé, àmì-ẹ̀yẹ mẹ́rin ni àwọn aṣírò máa ń wò jù. Ohun tó yẹ ká bi níbi ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé: mélòó nínú àwọn tó dìbò níbí ló máa dìbò níbẹ̀?

Àwọn akọ̀ròyìn ló ń fúnni ní Golden Globe, àwọn alámèyítọ́ ló sì ń fúnni ní Critics Choice. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ló ń dìbò Oscar. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀ ní Ìbàdàn kì í gbójú sókè ní Sókótó. Golden Globe tún pín àwọn òṣèrébìnrin sí ọ̀nà méjì, fíìmù tó le lọ́tọ̀, ti apanilẹ́rìn-ín àti olórin lọ́tọ̀, torí náà ẹni méjì ló ń gbà á lọ́dọọdún. Ní 2025, Moore gba ọ̀kan, Torres gba èkejì. Ohun tí Globe ń ṣe fún olùdíje ni pé ó ń gbé e sí iwájú gbogbo ayé. Ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni Moore sọ̀rọ̀ tó wọni lọ́kàn níbẹ̀, ọjọ́ 8 sì ni ìbò láti yan olùdíje Oscar bẹ̀rẹ̀.

Òṣèré ló ń dìbò SAG, ọ̀pọ̀ òṣèré inú Academy sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà lé ní 100,000 èèyàn, àwọn ti Academy kéré púpọ̀ láàárín wọn. BAFTA ní tirẹ̀ jẹ́ ti Ìlú Ọba. Oníṣẹ́ fíìmù lóríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti Academy, àwọn kan sì wà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún méje, láti 2019 sí 2025. Ẹni tó gba SAG gba Oscar lẹ́ẹ̀mẹta: Renée Zellweger ní 2020, Jessica Chastain ní 2022, Michelle Yeoh ní 2023. Ẹni tó gba BAFTA gba Oscar lẹ́ẹ̀marùn-ún: Olivia Colman ní 2019, Zellweger, Frances McDormand ní 2021, Emma Stone ní 2024, àti Madison. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ BAFTA di òfin. Ní 2022, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn márùn-ún ti Oscar tí BAFTA yàn. Ní 2024, BAFTA kò yan Lily Gladstone rárá, nígbà tó jẹ́ pé òun ni orogún Stone gan-an, òun ló sì gba SAG. Bí ẹnìkan bá gba àmì-ẹ̀yẹ, ẹ wo àwọn tó bá díje níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ̀.

Ẹ wo ọjọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ṣì í ní 2025. Ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ni Academy dìbò ìkẹyìn. Ọjọ́ 16, nígbà tí ìbò ṣì ń lọ lọ́wọ́, ni Madison gba BAFTA. Ọjọ́ 23 ni Moore gba SAG, ìbò Oscar ti parí láti ọjọ́ márùn-ún. Ayọ̀ ọjọ́ náà kò lè yí ìbò ẹnikẹ́ni padà mọ́. Ó lè fi ohun tó wà lọ́kàn àwọn òṣèré hàn wá, ṣùgbọ́n àwọn tó rò pé ó ti Moore síwájú kò wo kàlẹ́ńdà.

Ẹ wo fíìmù tó gbé e wá

Òṣèré kì í dá rìn lórí ìwé ìbò. Anora ti gba Palme d'Or ní Cannes ní 2024. Ní ọjọ́ 8 oṣù Èrèlé 2025, àmì-ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ àwọn agbátẹrù fíìmù àti ti ẹgbẹ́ àwọn olùdarí bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìbò bẹ̀rẹ̀. Oscar márùn-ún ló gbà níkẹyìn, fíìmù tó dára jù lọ wà lára rẹ̀. Fíìmù abanilẹ́rù ni The Substance ní tirẹ̀, irú èyí tí àwọn olùdìbò kan kì í fẹ́ wò parí.

Èyí náà kì í ṣe òfin. Láti 2006 títí dé 2020, kò sí òṣèrébìnrin kankan tó gba Oscar yìí nínú fíìmù tó gba fíìmù tó dára jù lọ. Lẹ́yìn náà ó ṣẹlẹ̀ ní 2021, ní 2023 àti ní 2025. Ẹ kà á sí ìrànlọ́wọ́, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí ìdánilójú.

Ẹ wo ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀

Àwọn olùdìbò fẹ́ràn kí ẹ̀bùn náà ní ìtumọ̀. Kó tó di 2025, Moore ti lé ní 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé Oscar yàn án rí. Ìtàn ńlá nìyẹn. Glenn Close náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní 2019: ìgbà keje tí wọ́n yàn án nìyẹn láìgbà á, ó ti gba Globe àti SAG, síbẹ̀ Colman ló borí. Ìtàn Yeoh ní 2023 ṣiṣẹ́ nítorí pé fíìmù tí gbogbo Academy fẹ́ràn ló gbé e. Ìtàn nìkan kì í tó.

Ìtàn míì sì wà tí Academy kò tíì parí. Halle Berry, ní 2002, nìkan ni obìnrin aláwọ̀ dúdú tó tíì gba Oscar yìí. Cynthia Erivo, tí wọ́n bí ní London fún òbí ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn márùn-ún ní 2025 fún Wicked, kò sì gbà á. Ẹni tó bá ń ṣírò gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn, ẹni tó bá ń jiyàn lórí ohun tó tọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta.

Bí a ṣe ń jiyàn dáadáa

Ẹ fi iye sí àsọtẹ́lẹ̀ yín. Ẹni tó ní, “Moore máa gbà á,” ti fi gbogbo rẹ̀ lé ibì kan. Ẹni tó ní, “Moore 50 nínú 100, Madison 40, Torres 10,” ti jẹ́ ká mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀ tó. Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi mú iye yẹn, kí ẹ sì sọ ohun tó lè mú kí ẹ yí i padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí èsì tó jáde, torí pé lẹ́yìn èsì, kò sẹ́ni tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ìṣirò bá parí, kí àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ máa bá a lọ. Ẹgbẹ́ àwọn alámèyítọ́ New York àti ti Los Angeles bu ọlá fún Marianne Jean-Baptiste lórí Hard Truths, Oscar kò sì yàn án rárá. Ìṣirò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wa, àmọ́ kò lè sọ pé iṣẹ́ náà kéré. Ẹ wá fíìmù náà wò, kí ẹ sì jà fún un níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ eré tó dára.