Òótọ́ Àbí Irọ́? Laptop Tó Ń Gbóná àti Ṣájà Tí Kò Gbé Iná Wọlé

Bí àkókò iṣẹ́ àṣekágbá bá ti dé ní Adeseun Ogundoyin Polytechnic ní Èrúwà, tàbí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Igbó-Ọrà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Laptop mi ti jóná." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá owó tí yóò fi ra òmíràn, tàbí kó ti máa múra àtiwọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lọ bá oníṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni kò jóná rárá. Eruku ló dí ọ̀nà tí wọ́n fi ń mí, tàbí kó jẹ́ ṣájà tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n ń kì bọ̀ wọ́n lẹ́nu, tàbí kí wáyà kan ti já sínú rọ́bà níbi tí ojú kò tó. Ọ̀rọ̀ tí a ń gbà lẹ́nu ara wa láìwádìí ló ń kó owó wa lọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ díẹ̀ wò nínú wọn.

"Laptop tó bá ti ń gbóná, ó ti fẹ́ bàjẹ́ nìyẹn."

Irọ́ ni, bí a bá sọ ọ́ báyẹn láìfi ẹsẹ̀ kan kún un. Kò sí kọ̀ǹpútà tí kì í gbóná. Iná tí ọpọlọ rẹ̀ ń jẹ ń di ooru bó ti ń ṣiṣẹ́, ooru náà sì gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Nínú èyí tó pọ̀ jù, bàbà ló ń gba ooru yẹn lára ọpọlọ, tó ń gbé e lọ sídìí àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n tò ti ara wọn, fáànù kékeré kan á wá fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn kọjá. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ wọlé, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn jáde. Bí ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì bá dí, ooru á há mọ́ inú.

Ẹ̀rọ náà kì í sì í ṣe aláìmọ̀kan. Bí ooru ọpọlọ rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ nǹkan bí 100°C, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù. Ìdí nìyẹn tí laptop tó gbóná fi máa ń falẹ̀, tí a ó máa rò pé fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́. Bí ooru náà kò bá wálẹ̀, á pa ara rẹ̀ lójijì. Ààbò ni wọ́n fi èyí ṣe. Ẹni tó ń tàn án padà lójú ẹsẹ̀, tó ń fipá mú un ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù.

Mo ti gbọ́ ọ tí wọ́n ní kí a gbé irú laptop bẹ́ẹ̀ sínú fíríìjì kó lè tètè tutù. Irọ́ tó léwu nìyí. Bí ẹ bá gbé ọ̀rá omi jáde látinú fíríìjì, ẹ̀ ń rí omi tó máa ń sẹ̀ sí ara rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò sẹ̀ sínú laptop yín, lórí pátákó tí iná ń gbà kọjá. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ sì ní sùúrù fún un.

"Ìgbà ọyẹ́ kò lè mú laptop gbóná, òtútù ti pọ̀."

Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì kejì ló sì ń pa wá lára. Lóòótọ́, òwúrọ̀ ọyẹ́ máa ń tutù. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í dá wá, eruku ló máa ń kó dání. Ìlú àgbẹ̀ sì ni Ìbàràpá: láti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè, Tápà, Àyétẹ̀ àti Ìgàngàn, ilẹ̀ oko ló yí wa ká, ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà sì pọ̀. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, eruku tó kúnná bí àtíkè ni fáànù laptop ń fà wọlé. Bí yàrá bá tún sún mọ́ ibi ìdáná, èéfín àti òróró á bá a pọ̀, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àárín àwọn irin tín-ín-rín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọyẹ́ á lọ. Oòrùn ìparí oṣù Kejì àti ti oṣù Kẹta á wọlé dé, yàrá abẹ́ páànù tí kò ní àjà á gbóná lọ́sàn-án ju 35°C lọ, laptop tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti dí láti ìgbà ọyẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Àwa á ní oòrùn ló pa á.

Ọwọ́ yín tó láti fi mọ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Bí fáànù bá ń pariwo, tí atẹ́gùn tó ń jáde kò sì tó nǹkan, ọ̀nà ti dí. Bí kò bá sí ariwo, tí kò sí atẹ́gùn, tí ara ẹ̀rọ sì ń jóni lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí fáànù ti kú. Bí atẹ́gùn bá ń jáde dáadáa tó sì ń gbóná gan-an, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows, kí ẹ wo ohun tó ń jẹ agbára ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn á ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ lọ súà sílẹ̀, á tún máa dá fáànù lẹ́bi.

Ibi tí a ń gbé laptop lé náà ń dá kún un. Tìmùtìmù, aṣọ ìbora àti itan ẹni, gbogbo wọn ló ń bo ihò abẹ́ rẹ̀ pa. Orí tábìlì ló yẹ kó wà. Ìdérí ìgò méjì tí ẹ bá fi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ń ṣe ju bí ẹ ti lè rò lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

"Fọkanáísà lè fi afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde."

Rárá o. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà le ju ohun tí fáànù kékeré yẹn lè gbà lọ. Á mú un yí ní ìyíkúyìí títí ìdí rẹ̀ á fi jẹ. Omi àti òróró sì máa ń wà nísàlẹ̀ àgbá afẹ́fẹ́ náà, tó lè tú sínú ẹ̀rọ. Ohun tó tọ́ ni pé kí ẹ pa laptop, kí ẹ yọ iná, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí ìdí rẹ̀, kó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku náà, kó sì fi nǹkan di fáànù mú kó má yí bó bá fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí laptop náà bá ti pẹ́, pàápàá tokunbo, ẹ ní kó pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti bàbà. Ìpara yẹn máa ń gbẹ, bó bá sì ti gbẹ, ooru kò ní lè kọjá dáadáa, bó ti wù kí fáànù mọ́ tó.

Ó tó ọ̀rọ̀ ooru. Ti iná ló kàn, ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù.

"Ṣájà tí ẹnu rẹ̀ bá ti wọ ihò, tiẹ̀ ni."

Irọ́ gbáà. Ẹ yí ṣájà náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára níbi tí wọ́n ti kọ OUTPUT. Ẹ ó rí nọ́ńbà tí V tẹ̀ lé, bíi 19V tàbí 19.5V, àti èyí tí A tẹ̀ lé, bíi 3.34A. V yẹn gbọ́dọ̀ bá ti laptop yín mu. Bó bá ga jù, ó lè jó pátákó inú rẹ̀. Ti A ni àwọn èèyàn máa ń ṣì mú. Wọ́n á ní ṣájà tí A rẹ̀ bá pọ̀ yóò jó laptop. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí laptop nílò ló ń fà. Ṣájà 90W á bọ́ laptop tó nílò 65W láìsí wàhálà. Èyí tí A rẹ̀ kéré ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbóná, bátìrì á sì máa gba iná bí ẹni ń tọrọ bárà.

Lára ọ̀pọ̀ ṣájà Dell àti HP, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ẹnu tó ń wọ ara laptop. Irin yẹn ló ń sọ fún ẹ̀rọ bí agbára ṣájà ti tó. Bó bá ti wọ́ tàbí tó ti ṣẹ́, tàbí tí ṣájà náà bá jẹ́ ayédèrú, Dell máa ń kọ ọ́ sójú pé òun kò mọ irú ṣájà tí ẹ fi bọ òun, kò ní ṣájì bátìrì, á sì máa falẹ̀. Bátìrì tuntun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré rà nígbà náà. Owó ìyà ni.

"Iná tó ń ṣe bàìbàì ló ń ba laptop jẹ́."

Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣòótọ́. Lára ọ̀pọ̀ ṣájà, ẹ ó rí i níbi INPUT pé 100–240V ni wọ́n kọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná ilé tí gílóòbù ti ń pọ́n wẹ̀ẹ̀, tí fíríìjì kò lè gbé, ṣì lè tó ṣájà laptop. Ó kàn lè gbóná díẹ̀ sí i ni. Ohun tó ń ba ṣájà jẹ́ ni iná tó fò wọlé lójijì. IBEDC ló ń pín iná fún wa báyìí, ṣùgbọ́n "Up NEPA!" làwọn ọmọdé ṣì ń pariwo bí iná bá dé, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló sì léwu. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ fa ṣájà yọ. Bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti jẹnẹrétọ̀ kékeré: ẹ tan án kó rìn dáadáa kí ẹ tó fi laptop sí i, kí ẹ sì yọ ọ́ kí epo tó tán, nítorí pé bí epo bá ti ń tán ni iná rẹ̀ ń fò sókè-sódò.

Ẹ má sì gbàgbé ẹnu wáyà. Ọ̀pọ̀ ṣájà tokunbo ló wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ti Amẹ́ríkà tàbí ẹsẹ̀ roboto méjì, a sì ń fi àfikún olówó pọ́ọ́kú tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń mì, tó ń ta pàrà, á máa gbóná títí yóò fi yọ́. Ẹ ra wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó dáa. Bí fíùsì inú rẹ̀ bá jó, fíùsì ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà lásán dí i ti yọ ilẹ̀kùn ààbò ilé rẹ̀ dànù.

"Bí kò bá ti gbé iná, bátìrì ló kú."

Irọ́ ni, òun ló sì ń gba owó lọ́wọ́ wa jù. Ọ̀nà tí iná ń gbà gùn kó tó dé bátìrì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ sì ti máa wò ó. Ẹ fi fóònù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò, kí ẹ mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Ẹ wo bóyá wáyà tó ti ara ògiri wá wọ àpótí ṣájà dáadáa. Ó máa ń yọ díẹ̀ láìjẹ́ pé a rí i. Bí iná kékeré bá wà lára ṣájà, ẹ wò ó: bó bá ń tàn, tó wá kú gbàrà tí ẹ kì í bọ laptop, ó ṣeé ṣe kó ti rẹ ṣájà náà tàbí kí iná ti pàdé níbì kan nínú laptop. Ẹ rọra mi ẹnu ṣájà nínú ihò rẹ̀. Bí laptop bá ń gbé iná, tó tún ń jáwọ́, wáyà ti já nínú rọ́bà nítòsí ẹnu, tàbí ihò náà ti yẹ̀ lórí pátákó. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ńlá: oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n á fi òjé jó o padà tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yá ṣájà irú kan náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kí ẹ fi dán an wò. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bó bá jẹ́ èyí tó ṣeé yọ, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá fi ṣájà nìkan tan án. Bó bá tàn, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń kú bí ẹ bá ti dá bátìrì padà, tí ẹ ṣájì í fún ìgbà díẹ̀, tí ẹ wá yọ ṣájà, ìgbà yẹn lẹ tó lè dá bátìrì lẹ́bi.

Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé kí bátìrì kú tán pátápátá kí a tó ṣájì í. Ó jẹ́ òótọ́ nígbà kan, fún bátìrì nickel-cadmium. Láti 1991 tí Sony ti gbé bátìrì lithium-ion wọ ọjà, ìmọ̀ràn yẹn ti di àtijọ́. Òun náà ni bátìrì tí wọ́n fún àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2019. Ohun tó ń mú un gbó ni ooru àti kíkún bámúbámú fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń fi laptop sí iná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀ púpọ̀, bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá ti gbóná. Bí ti yín bá ní ètò tó ń dá ṣájì dúró ní 80%, ẹ lò ó.

"Bátìrì tó wú lè gbiná."

Òótọ́ pọ́ńbélé nìyí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ṣeréṣeré ni. Bí ìdí laptop bá ti ń là, tí pátákó tí a fi ń darí ojú rẹ̀ ń ga sókè, ẹ pa á, ẹ má ṣájì í mọ́. Ẹ má gún bátìrì náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Èrúwà, Igbó-Ọrà àti Lánlátẹ̀ ni pé, bí ọyẹ́ bá ti lọ tán lọ́dọọdún, kí wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìlú jọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n gbá eruku inú laptop gbogbo ẹni tó bá gbé tiẹ̀ wá, kí wọ́n sì fi mítà oníṣẹ́ iná wọn ṣájà rẹ̀ wò. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń san owó àtúnṣe sì máa sọ fún oníṣẹ́ pé kó fi ibi tó bàjẹ́ hàn yín kí ẹ tó ra ohunkóhun.