Epo, Òróró àti Àdí: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àkówọlé Epo Ewéko ní Nàìjíríà

Bí ènìyàn bá dé ọjà Ọ̀yìngbò ní Èkó, tí ó ní òun fẹ́ ra epo, epo pupa ni wọn yóò wọ̀n fún un. Bí ó bá bèèrè òróró, èyí tí ó mọ́ gaara, tí a fi ń dín dòdò, ni wọn yóò bù. Àdí tún yàtọ̀: ara ekùrọ́ ni a ti ń yọ ọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé Èṣù ń gba epo ṣùgbọ́n tí àdí jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀ yóò gbà pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí tó àwọn ọlọ́jà lò. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ bá fẹ́ ṣàlàyé bí orílẹ̀-èdè tí ó ń kó epo ránṣẹ́ sí òkè òkun ṣe di èyí tí ó ń rà á wọlé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gba gbogbo ohun tí ó wà nínú àkọsílẹ̀. 'Epo' nìkan yóò mú kí òǹkàwé máa ro epo rọ̀bì. 'Òróró' yóò yọ epo pupa sílẹ̀. Mo ti rí 'epo ẹ̀fọ́' nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìyá ọlọ́jà wo ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní bèèrè bóyá ara tẹ̀tẹ̀ ni a ti fún un ni tàbí ara ewúro? 'Epo ewéko' ni mo dábàá, nítorí pé ewéko gba ọ̀pẹ, ó gba ẹ̀pà, ó sì gba sóyà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a lò ó wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nǹkan bí ìdá 43 nínú 100 epo pupa àgbáyé ni ó ń ti Nàìjíríà wá. Ọkọ̀ ojú irin a sì máa kó ẹ̀pà tí a to jọ bí òkè ní Kánò wá sí èbúté Àpápá. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ba ilẹ̀ ọ̀pẹ ìlà-oòrùn jẹ́. Ọ̀dá kọlu ẹ̀pà ní 1972 sí 1973. Àrùn rósẹ́ẹ̀tì tún run ún ní 1975. Owó epo rọ̀bì sì mú kí rírà wọlé rọrùn ju gbígbìn lọ. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ẹni tí ń tà ti di oníbàárà. Kì í ṣe pé ọ̀pẹ wa gbẹ: epo tí a ń fún lónìí pọ̀ ju ti 1960 lọ, ṣùgbọ́n ẹnu tí ń jẹ ẹ́ pọ̀ jù ú lọ, kò sì tó ìdá 3 nínú 100 ti àgbáyé mọ́. Indonéṣíà àti Màléṣíà ni ó wà níwájú.

Irú ìrìn báyìí ni mo pè ní 'ìtẹ̀sí'. 'Ìyípadà' kò tó, nítorí pé ohun tí ó yí padà lọ́dún yìí lè padà sípò lọ́dún tí ń bọ̀. Ohun tí ó tẹ̀ sí apá kan ń lọ síbẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń mì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyí. Púpọ̀ nínú òróró inú kẹ́ẹ̀gì tí a ń tà l'Ọ̀yìngbò kì í ṣe ti ẹ̀pà. Epo pupa ni, tí ilé iṣẹ́ ti fi amọ̀ àti ooru gba àwọ̀ àti òórùn rẹ̀, tí wọ́n sì ti ya epo ṣíṣàn kúrò lára epo dídì. Ṣíṣàn ni ó di òróró. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé Nàìjíríà ń kó 'epo pupa' wọlé láti Màléṣíà yóò da òǹkàwé rú, nítorí pé ohun pupa kọ́ ni òǹkàwé náà ń rí lórí àtẹ. Kí 'epo ọ̀pẹ' jẹ́ orúkọ ìdílé. Kí 'epo pupa' àti 'òróró ọ̀pẹ' jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀ràn òfin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Aṣọ́bodè ka epo ewéko tí a ti fọ̀ mọ́, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ bí òróró ólífì, mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, wọ́n sì sọ gbangba pé èyí tí a kò tíì fọ̀ kò sí lára rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá pe ìkejì yìí ní 'epo rọ̀bì', ó ti sọ ọ́ di ohun tí a ń wà nínú ilẹ̀. Bí ó bá pe méjèèjì ní 'òróró' lásán, oníṣòwò lè pàdánù ẹrù rẹ̀. 'Epo àfọ̀mọ́' àti 'epo àìfọ̀' ni kí a lò.

Àkọsílẹ̀ kò sì gba gbogbo rẹ̀. Láti 2015 sí 2023, Báńkì Àpapọ̀ kò jẹ́ kí àwọn oníṣòwò rí owó òkèèrè rà ní ọjà ìjọba fún epo ọ̀pẹ. Láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, ìjọba ti ẹnubodè Sèmè pa mọ́ ẹrù. Síbẹ̀, òróró tí ó gúnlẹ̀ ní Kútọnu tí ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kò sí nínú ìwé aṣọ́bodè Nàìjíríà. Fún èyí, èdè wa ti ní 'fàyàwọ́', a kò sì nílò láti ṣẹ̀dá òmíràn. Kí a fi 'àkówọlé' mọ sí ẹrù tí a kọ sílẹ̀ lẹ́nu ibodè. Nígbà tí a bá sì fẹ́ dárúkọ àpapọ̀ òun àti fàyàwọ́, kí a sọ pé 'ìwọlé epo'.