Oúnjẹ àwọn obìnrin lẹ́yìn àyẹ̀wò làkúrègbé rheumatoid

Làkúrègbé rheumatoid jẹ́ àìsàn nínú èyí tí ètò ààbò ara ń gbógun ti àwọn oríkèé ara náà fúnra rẹ̀. Ó ń ṣe obìnrin ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ọkùnrin lọ. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn a dín ẹran pupa àti ṣúgà kù, wọn a sì fi ẹja àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ. Ní ti ọtí, ọ̀ràn ẹ̀dọ̀ ni: methotrexate, oògùn tí a sábà kọ́kọ́ ń lò, lè pa á lára, ọtí sì ń dá kún un. Àwọn kan a yẹra fún tòmátò, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rí tó dájú lòdì sí i. Ìka tó wú náà ń pinnu oúnjẹ. Gígún iyán a di ìnira. Ìlànà àwọn dókítà oríkèé Amẹ́ríkà ti ọdún 2022 fara mọ́ oúnjẹ irú ti agbègbè Mẹditaréníà, gẹ́gẹ́ bí àfikún sí oògùn, kì í ṣe arọ́pò rẹ̀.