Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Ṣiṣẹ́ Ni Èrè Alátùnṣe

Ó ṣòro lónìí láti dé ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ó ti wù kí ìlú náà kéré tó, kí á má rí ẹni kan tí ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga, ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn sí kòkó, àti ẹ̀rọ amúnáwá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní jẹnẹrétọ̀, ọwọ́ àwọn alátùnṣe wọ̀nyí ni gbogbo wọn wà. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n dá dúró fúnra wọn ni, nínú ìsọ̀ kékeré tàbí lábẹ́ igi, pẹ̀lú ọmọ-iṣẹ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n a máa ń rí i pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú a máa ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Kì í ṣe nítorí pé kò mọ ẹ̀rọ í tún ṣe, bí kò ṣe pé kò mọ bí a ti ń fi àtúnṣe ṣòwò.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀ràn náà ti sábà máa ń rí. Alátùnṣe a jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, a máa retí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tí oníbàárà bá dé, inú ìkánjú àti ìbànújẹ́ ni yóò wà, owó kì yóò sì pé lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò san díẹ̀ sílẹ̀ kí a fi ra ẹ̀yà tuntun. Ebi ń pa alátùnṣe, iṣẹ́ ẹlòmíràn tí ó ti ná owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀; ó fi owó tuntun parí iṣẹ́ àtijọ́. Nígbà tí ó bá di ọ̀la, kò sí owó ẹ̀yà mọ́. Ẹ̀rọ a sùn ní ìsọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìjà a bẹ̀rẹ̀, oníbàárà a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, a sì sọ fún gbogbo àdúgbò.

Ohun tí ó yẹ kí alátùnṣe kọ́kọ́ mọ̀ ni pé oníbàárà rẹ̀ kò fẹ́ àtúnṣe. Obìnrin tí ń lọ ata fẹ́ kí ata kúnná ní ọjọ́ ọjà. Ẹni tí ń ta ẹja tútù fẹ́ kí ẹja rẹ̀ má bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ ọjà, àdánù wọn a máa ju owó àtúnṣe lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lè san owó díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí kò ní í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kú rárá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Alátùnṣe tí ó bá bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe àdéhùn ìtọ́jú, tí ó ń lọ wo ẹ̀rọ wọn ní àkókò tí a dá, yóò ní owó tí ń wọlé déédéé, yálà ẹ̀rọ kan bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́.

Ìtọ́jú yìí kì í ṣe ohun tí ó ṣòro. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnì kékeré tí ń lo epo bẹntiróòlù ni ìwé tí ó bá wọn wá sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, kí á sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 100 - 100 lẹ́yìn náà. A gbọ́dọ̀ máa fọ asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní wákàtí 50 - 50, ó sì yẹ kí ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí 6 lójúmọ́ yóò pé wákàtí 100 láàárín ọjọ́ 17. Ẹni tí ó bá ń dúró kí oṣù mẹ́ta pé kí ó tó pààrọ̀ ọ́ìlì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni ọ́ìlì ìdá kan sí epo ìdá 50, èyíinì ni mìlílítà 100 nínú epo lítà 5. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, ẹ́ńjìnì a jó nínú. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín a pọ̀, púlọ́ọ̀gì a sì dí.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan wo èrè rẹ̀. A kàn fi iye owó tí a óò dárúkọ yìí ṣe ìṣirò ni, olúkúlùkù yóò wo bí ọjà ti rí ní ìlú tirẹ̀. Bí alátùnṣe bá ní ẹ̀rọ 30 lábẹ́ àdéhùn, tí ó ń lọ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tí ó sì ń gba ₦3,000 fún iṣẹ́ ọwọ́ nígbà kọ̀ọ̀kan, tí olówó ẹ̀rọ sì ń ra ọ́ìlì fúnra rẹ̀, ₦180,000 ni yóò wọlé fún un lóṣù. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 26 lóṣù, ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta péré ni yóò wò lójúmọ́. Àyè ṣì wà fún àtúnṣe ńlá.

Kí àdéhùn yìí tó lè dúró, ìwé àkọsílẹ̀ ṣe dandan. Kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, níbi tí a óò kọ ọjọ́ tí a wò ó, ọ́ìlì tí a pààrọ̀, àti ẹ̀yà tí a fi sí i. Ìwé yìí ni yóò sọ fún alátùnṣe irú ẹ̀yà tí ó ń yára gbó, kí ó lè ra irú rẹ̀ sílẹ̀: púlọ́ọ̀gì, okùn tí a fi ń fa ẹ̀rọ, asẹ́ afẹ́fẹ́. Kí ó má ṣe ra ohun tí yóò sùn sí ìsọ̀ ní ọdún kan, nítorí owó tí ó sùn kò bí ọmọ. Owó ọkọ̀ tí a fi ń lọ ra ẹ̀yà kan ṣoṣo ní Alábà tàbí ní Ládìpọ̀ ní Èkó, tàbí ní Géètì ní Ìbàdàn, náà ni a ó fi ra ogún. Bí àwọn alátùnṣe ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá da owó pọ̀ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí wọ́n sì rán ẹnìkan lọ, gbogbo wọn ni yóò jèrè.

Kókó kejì ni pé kí a ya owó sọ́tọ̀. Owó ẹ̀yà kì í ṣe owó alátùnṣe. Ti oníbàárà ni títí a ó fi ra ẹ̀yà náà. Kí alátùnṣe fún un ní ìwé-ẹ̀rí owó tí ó gbà, kí ó dá ẹ̀yà àtijọ́ padà fún un, kí ó sì ṣèlérí pé bí ohun tí òun tún ṣe bá tún bàjẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, òun kì yóò gba owó iṣẹ́ mọ́. Bí ẹ̀yà olówó pọ́ọ́kú ni agbára oníbàárà ká, kí ó sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kì yóò pẹ́. Àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ṣùgbọ́n nínú òwò àtúnṣe, òtítọ́ ni oníbàárà ń padà wá rà.

Alátùnṣe tí ń lọ sí ilé oníbàárà tún lè gba ẹ̀mí là. Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, tí ó lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Bí ó bá rí ẹ̀rọ nínú yàrá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ó ní kí a gbé e jìnnà sí ilé kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí, kí alátùnṣe máa wo ibi tí ayé ń lọ. Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye owó epo bẹntiróòlù di ìlọ́po méjì ó sì lé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yí padà sí iná tí a ń rí láti ara oòrùn. Ẹni tí kò mọ̀ ju jẹnẹrétọ̀ lọ yóò rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dínkù. Ṣùgbọ́n iná oòrùn náà ń fẹ́ olùtọ́jú: a gbọ́dọ̀ nu eruku kúrò lójú pátákó rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fún orí wáyà rẹ̀ le, bí bátìrì rẹ̀ bá sì jẹ́ irú èyí tí ń mu omi, omi bátìrì gidi ni a gbọ́dọ̀ máa rọ sí i. Kí alátùnṣe kọ́ iṣẹ́ yìí nísinsìnyí, nígbà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣì gbẹ́kẹ̀lé e.

Kò di dandan kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ 30. Kí alátùnṣe yan oníbàárà márùn-ún tí ó mọyì ọwọ́ rẹ̀, kí ó ra ìwé kan, kí ó sì dá ọjọ́ fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí yóò kú. Ẹ pe alátùnṣe yín ní ọ̀sẹ̀ yìí nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì ń ké dáadáa, kí ẹ jọ fi ẹnu kò sí ọjọ́ tí yóò máa wá wò ó.