Bí Dókítà Ṣe Mọ Eré Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sá Nínú Orí Ọmọdé

Nọ́ńbà kan wà tí àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, kì í fi ṣeré: 200. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ ọmọ bá ń sá tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, rọpárọsẹ̀ ò jìnnà mọ́. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kọ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Òbí á jí láàárọ̀, á rí i pé ẹnu ọmọ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ kan ò sì ṣeé gbé mọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fura sí ọwọ́ ayé. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde jù lọ láyé. Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń mú lò ni pé wọ́n tó 150,000 lọ́dún.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ eré ẹ̀jẹ̀ nínú agbárí tí ẹnikẹ́ni ò là? Ẹni tó bá jókòó sí èbúté Etíkan, létíkun Ìlàjẹ, nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń sáré bọ̀, á gbọ́ pé ohùn ẹ́ńjìnnì náà ń han bó ṣe ń súnmọ́. Kété tó bá ré kọjá, ohùn náà á wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Onímọ̀ físíìsì kan, Christian Doppler, ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ìlú Prague ní 1842, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ló sì ń rò nígbà náà. Ní 1845, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Buys Ballot, dán an wò ní Netherlands: ó kó àwọn tó ń fun fèrè sórí ọkọ̀ ojú irin, ó sì fi àwọn olórin tí etí wọn mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin kí wọ́n máa gbọ́ bí ohùn ṣe ń yí padà. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí: àwọn afunfèrè ò mọ̀ pé iṣẹ́ ìṣègùn làwọn ń ṣe.

Ó di nǹkan bí 1955 sí 1960 kí Shigeo Satomura àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Osaka, lórílẹ̀-èdè Japan, tó ta ìró tí etí ènìyàn ò lè gbọ́ sí ọkàn, lẹ́yìn náà sí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìró náà á lu sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń rìn, á padà wá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó lọ àti èyí tó bọ̀ á sì sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń sáré tó. Orí nìkan ló ṣòro, nítorí egungun agbárí ń dí ìró lọ́nà. Rune Aaslid, ará Norway tó ń ṣiṣẹ́ ní Bern, ló rí ọ̀nà gbà ní 1982: egungun ẹ̀bátí fẹ́lẹ́ ju ibòmíràn lọ, ìró tó ń gbọ̀n nígbà mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sì ń rí ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ tó ń ta ìró yìí ni wọ́n ń pè ní TCD.

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS kì í pọ̀ tó, nítorí náà ọkàn rẹ̀ ń tú u jáde kíákíá. Àìsàn yìí sì tún máa ń ba inú iṣan ọpọlọ jẹ́ títí á fi fún, ibi tí iṣan bá sì ti fún, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré kó tó lè kọjá. Dókítà Robert Adams ní Augusta, ìpínlẹ̀ Georgia lÁmẹ́ríkà, fi èyí hàn ní 1992. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó 130 ọmọ tí nọ́ńbà wọn ti kọjá ààlà jọ, wọ́n ń fún àwọn kan lẹ́jẹ̀ déédéé, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn tí kò gba ẹ̀jẹ̀, rọpárọsẹ̀ kọlu 11. Nínú àwọn tó ń gbà á, ẹyọ kan. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó pé ọjọ́, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1998.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyí: báwo ni nọ́ńbà yẹn ṣe ń jẹ́ òótọ́? Ọmọ á nà sórí bẹ́ẹ̀dì, á wà lójúfò. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa á ní ẹ̀bátí, láàárín ojú àti etí, wọ́n á gbé irinṣẹ́ kékeré kan lé e. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún: ṣùù-ù, ṣùù-ù, ó ń bá lílù ọkàn rìn. Bí irinṣẹ́ náà bá dojú kọ iṣan gbọnrangandan, eré náà á jáde bó ṣe rí. Bó bá fi digírì 30 yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń sá 220 á fara hàn bíi 190, wọ́n á sì ní kí ọmọ máa lọ sílé. Bó bá yẹ̀ tó digírì 60, ìdajì péré ni ẹ̀rọ máa rí. Yíyẹ̀ yìí kì í fi kún nọ́ńbà láé. Dídín ló máa ń dín in kù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ gba nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bá rí. Á máa wọlé sí i ní mìlímítà méjì méjì, á máa yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, títí á fi rí èyí tó ga jù, òun ló sì máa kọ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ TCD tí Adams lò kì í ya àwòrán. Síkáànì tó ń ya àwòrán iṣan ní àwọ̀ pupa àti búlúù wà ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ńlá, ó sì rọrùn láti fi rí iṣan, àmọ́ nọ́ńbà rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ sí ti TCD. 185 ni ọ̀pọ̀ ń lò lórí rẹ̀ dípò 200. Èsì tí kò bá sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, èmi ò ní gbà á.

Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkẹ́olúwa Lágunjú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù UCH fi TCD yẹ àwọn ọmọ SS wò, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2012. Àmọ́ kí ọmọ máa gba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún nílẹ̀ wa ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò tó, owó rẹ̀ ò kéré, irin á sì máa kún ara ọmọ. Hydroxyurea, òògùn tí ọmọ ń gbé mì lójoojúmọ́, ni wọ́n dojú kọ. Ní òkè ọya, ìwádìí tí Kánò wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022, fi ìwọ̀n òògùn náà tó kéré wé èyí tó pọ̀ jù ú lọ, kò sì rí ìyàtọ̀ nínú bí rọpárọsẹ̀ ṣe ń kọlu àwọn ọmọ náà.

Láti Etíkan, omi lèèyàn máa kọ́kọ́ gbà kó tó bọ́ sí títì. TCD tó ṣeé gbé sínú báàgì wà, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé ibẹ̀. Ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń wá iṣan lẹ́bàá ẹ̀bátí ni kò rọrùn rí, owó tí ìjọba bá fẹ́ ná, mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Fún ìyá tó bá ń gbé ọmọ SS lọ sílùú ńlá: láti ọmọ ọdún 2 sí 16 ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò yìí, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí nọ́ńbà bá wà láàárín 170 sí 199, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tètè padà wá. Kí ọmọ má sùn, kí ara rẹ̀ má gbóná lọ́jọ́ náà, torí méjèèjì ń yí eré ẹ̀jẹ̀ padà. Bí ọmọ bá ti gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́ yìí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi jẹ́ẹ̀lì sí i lórí, nítorí eré ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti wálẹ̀, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ mú ọjọ́ mìíràn.