Ẹja Inú Dígí àti Ìrìn-Àjò Ilé: Ta Ni Yóò Fún Wọn Lóúnjẹ?

Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, gbogbo ìdílé wa ní Onitsha níhìn-ín a bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. A ó sọdá Odò Ọya sí Asaba, yálà lórí afárá àtijọ́ ti ọdún 1965 tàbí lórí tuntun tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023, a ó gba Benin àti Ọ̀rẹ̀ kọjá, olúkúlùkù a sì forí lé ìlú baba rẹ̀. A máa ń rán ara wa létí pé kí a ti ilẹ̀kùn, kí a pa iná, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí kan wà tí àwọn ilé kan láàárín wa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn báyìí, òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: àwọn ẹja inú àpótí dígí tí àwọn ọmọ wa ń sìn ní pálọ̀.

Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé, kí ni ẹja tí kò tó ìka ọwọ́ já mọ́? Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Ọmọ tí a fún ní ohun ẹlẹ́mìí láti tọ́jú ń kọ́ bí a ti ń rántí ẹlòmíràn kí òun náà tó jẹun. Bí ó bá ti ìrìn-àjò dé tí ó bá wọn lójú omi ní òkú, ọ̀rọ̀ náà kì í tán ní kíá. Kì í sì í parí sí ọ̀dọ̀ ọmọ nìkan, ó máa ń kan aládùúgbò pẹ̀lú.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé kan tí a mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, wọ́n gbé odindi agolo oúnjẹ ẹja lé ọmọ onílé lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó máa fún wọn jẹ. Ọmọ Ìgbò náà jẹ́ onínúure, kò fẹ́ kí ebi pa ohun tí àlejò fi síkàáwọ́ rẹ̀. Ó fún wọn ní àárọ̀, ó fún wọn ní ọ̀sán, ó fún wọn ní alẹ́. Nígbà tí agolo tán, ó rún búrẹ́dì sí i. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, omi ti funfun bí omi ògì, ó ń rùn, gbogbo ẹja sì ti léfòó. Ìyá ilé náà bínú, ìyá ọmọ náà bínú padà, àwọn méjèèjì kò sì kí ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ebi kọ́ ni ó pa ẹja wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àṣejù baba àṣetẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Àwa ènìyàn ń jẹun kí ara wa lè máa móoru. Ara ẹja kò rí bẹ́ẹ̀: bí omi tí ó wà nínú rẹ̀ bá ti gbóná tàbí tutù tó ni ara rẹ̀ ṣe ń rí, nítorí náà oúnjẹ díẹ̀ ń gbé e dé ọ̀nà jíjìn. Ẹja àgbà tí ara rẹ̀ le, irú bí goldfish tàbí guppy, lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìjẹun. Àwọn ọmọ ẹja kéékèèké nìkan ni kò lè fara dà á. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ẹja kò jẹ a rì sí ìsàlẹ̀, a sì jẹrà. Bí ó ti ń jẹrà ni ó ń tú májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amóníà sínú omi, ó sì tún ń gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí ń gbé inú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi, ni ń sọ májèlé yìí di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Àwọn náà nílò afẹ́fẹ́. Bí iná mànàmáná bá lọ tí ẹ̀rọ dúró fún wákàtí púpọ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a sì di ewu ńlá.

Nítorí náà, ohun tí a gbà yín níyànjú láti ṣe nìyí.

Èkíní, bí ìrìn-àjò bá ku ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà. Ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ má sì ṣe dúró di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Bí oògùn chlorine bá wà nínú omi tí ẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan.

Èkejì, ẹ má ra ẹja tuntun kún wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń lọ, ẹ má sì fi oúnjẹ kì wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ ó bá lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má fi oúnjẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí yóò bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ di oúnjẹ sínú bébà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan fún ọjọ́ méjì méjì, kí ó jẹ́ ìwọ̀n tí ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì ti agolo mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí aládùúgbò fún wọn lẹ́ẹ̀kan ní ojú yín. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Ìgbò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti kọ sí ara ìdérí: *Ozugo*, ó ti tó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ro ti iná. Ẹ̀rọ kékeré tí ń fi bátìrì fẹ́ atẹ́gùn sínú omi wà. Ẹ gbé àpótí kúrò níbi tí oòrùn ń pa á, nítorí omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè ra irú ẹja betta tàbí gourami, tí ń yọ sókè mí afẹ́fẹ́ ìta bí àrọ̀ tiwa.

A kò gbàgbé àwọn tí ń sin àrọ̀ sínú táǹkì sìmẹ́ǹtì ní ẹ̀yìnkùlé fún títà. Tiyín yàtọ̀. Bí ebi bá pa àrọ̀ tí ó pọ̀ lójú kan, ńlá a gbé kékeré mì, omi wọn a sì tètè bàjẹ́. Ẹ gba ẹni tí ẹ ó sanwó fún, ẹ wọn oúnjẹ fún un lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi àwọ̀n bo táǹkì, nítorí àrọ̀ a máa fò jáde. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò kí ó rántí ìkún omi ọdún 2012 àti ti 2022 kí ó tó rìn ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sọ fún aládùúgbò kí ẹ tó lọ pé bí ọ̀kan bá kú, kí ó yọ ọ́ dànù, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ bá a mú gàrí Ìjẹ̀bú tàbí èlùbọ́ díẹ̀ dání. Ẹja a tún rà ní ọjà, ṣùgbọ́n a kì í ra aládùúgbò rere, pàápàá fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà mìíràn tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó sì bọ̀ ire.