Kọ̀ǹpútà Tó Ti Gbó: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni àbí Ká Ra Òmíràn?

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, tàbí kó máa fà bí ìgbín. Owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́. Kí ló yẹ ká ṣe? Àwọn àgbà máa ń sọ pé àìsàn là ń wò, a kì í wo ọlọ́jọ́. Torí náà, ká tó náwó, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà wa gan-an.

Ohun Tó Yẹ Ká Kọ́kọ́ Ṣe

Bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ká ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì wa sínú hard disk míì. A lè rí èèlò kọ̀ǹpútà rà lọ́jà, àmọ́ kò síbi tí wọ́n ti ń ta àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà wa tàbí fọ́tò òbí wa tó ti kú. Bí hard disk bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ó ṣeé ṣe kó má pẹ́ bà jẹ́ pátápátá. Ká tètè pa kọ̀ǹpútà náà, ká má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kí oníṣẹ́ tó bá wa kó àwọn fáìlì wa jáde.

Ìgbà Tí Àtúnṣe Bọ́gbọ́n Mu

Bí déètì àti aago bá ń ṣì ní gbogbo ìgbà tá a bá tan kọ̀ǹpútà, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. CR2032 ni wọ́n sábà máa ń lò, kò sì wọ́n. Bó bá ń kú lẹ́yìn tó ti gbóná, eruku lè ti dí fáànù rẹ̀. Bó bá kàn ń falẹ̀, tá a bá fi SSD rọ́pò hard disk àtijọ́, tá a sì fi kún RAM rẹ̀, ìyàtọ̀ ńlá lè wà. Ṣùgbọ́n ká má ṣe tú power supply fúnra wa o, torí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tá a ti yọ wáyà.

Ìgbà Tó Yẹ Ká Ra Òmíràn

Bó bá jẹ́ motherboard, ìyẹn pátákó tó so gbogbo èèlò yòókù pọ̀, ló jóná, tí owó àtúnṣe sì fẹ́ tó ìdajì iye tá a máa fi ra èyí tó sàn jù ú lọ, á dáa ká jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Ní October 14, 2025, Microsoft fòpin sí ìtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 ní tiẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní. Ṣé ó wá di dandan ká sọ wọ́n nù? Rárá o. A lè fi Linux, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sínú wọn.

Bá a bá sì fẹ́ fi èyí tó ti gbó tọrẹ, ká kọ́kọ́ yọ hard disk rẹ̀. Téèyàn bá kàn pa fáìlì rẹ́, ẹlòmíì ṣì lè rí i kó jáde.